Ọjọ́ Ìbí Tí Mo Ṣe ní Santos

Àwa tó kù nínú àwọn atukọ̀ àtijọ́ ní ẹgbẹ́ kan lórí Wọ́sáàpù. Arúgbó ni gbogbo wa, ìrọ̀lẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀, nígbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wọ̀ wá lára tán. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé ṣé ẹ rántí ilé ọtí tó wà lẹ́yìn èbúté ní Rotterdam. Ẹlòmíràn á ní òun ni òun fọ́ ìgò mọ́ ògiri níbẹ̀. Ẹni kẹta, tó ti di alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, á fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́wàá ránṣẹ́. Ìwà wèrè ìgbà náà ni wọ́n fi ń ṣe fàájì lónìí. Mo máa ń ka gbogbo rẹ̀, n kì í kọ nǹkan kan. Nígbà tí ọjọ́ ìbí mi pé lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú wọn wá fi fọ́tò kan síbẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọba Santos, ẹ̀mí ẹ á gùn." Èmi ni mo wà nínú fọ́tò náà. Mo jókòó sínú ọmọlanke tí wọ́n fi ń ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo dé adé tí wọ́n fi okùn ọkọ̀ hun, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní ilé. Mo pa fóònù náà, mo sì lọ jókòó síta.

Irú fọ́tò yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé síwájú mi ní Jos lọ́dún náà lọ́hùn-ún, lọ́jọ́ tó bá mi sọ Yorùbá gbẹ̀yìn fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí bó ṣe wù mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kí n kọ́kọ́ sọ pé ọjọ́ ìbí náà gan-an, irọ́ ni. Nígbà tí mo lọ gba ìwé atukọ̀ ní Àpápá, akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ bi mí ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi nìkan ni mo mọ̀: pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọyẹ́ mú gidigidi ni, tí ọkọ̀ ojú irin kò dé Terminus ní Jos fún ọjọ́ mẹ́ta, tí òun jókòó ti ọjà òun títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í rún òun. Akọ̀wé ní òun kò béèrè ìtàn. Mo gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, mo mú ọjọ́ kan níbẹ̀, mo sì fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí mi kí wọ́n má bàa lé mi padà sílé. Bí wọ́n ṣe bí mi ní Àpápá nìyẹn, lórí ìdúró, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ yẹn ni mo fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ atukọ̀.

Ọmọ Jos ni mí, kò sì sí òkun ní Jos. Omi tí mo mọ̀ kò ju àwọn adágún tí àwọn tó ń wa tánńganran fi sílẹ̀ ní Rayfield. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ odò wíwẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi á fi òróró pa mí lára tí mo bá dé, kí ara mi tó ti funfun má bàa tú mi fó lọ́wọ́ Màmá. Bàbá wa ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Màmá ń ta bọ́tìnnì, sípì, òwú àti abẹ́rẹ́ ní Terminus, bí ìyá tirẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe ń tà wọ́n ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún méje jù mí lọ. Nígbà tó di pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa lọ sí ilé ìwé nínú wa, òun ló jókòó sí ìsọ̀, èmi ni mò ń lọ. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló fẹ́. Èmi náà kò bi í.

Ohun tó gbé mi dé ojú òkun kò tó nǹkan. Ará àdúgbò wa kan ní Nasarawa Gwong ní àna tó jẹ́ atukọ̀. Ọkùnrin náà wá kí wọn lọ́dún Kérésì, ó wọ kóòtù gígùn kan, ó ń mu sìgá tó ń ta sánsán, mo sì tẹ̀lé e lọ sí Èkó nígbà tó ń padà. Màmá kò bínú. Ó ní kí n ṣáà máa kọ lẹ́tà. Nítorí pé kò mọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá a kọ èsì, bíírò pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí páálí ọjà ní ìsọ̀ ló sì ń lò. Gbogbo lẹ́tà tí mo gbà láti ilé, pupa ni.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ̀ wa, ará Gíríìsì ló ni ín, àwa ọmọ Nàìjíríà mọ́kàndínlógún ló sì ń ṣiṣẹ́ orí rẹ̀. Ará Èkó àti ará etí omi ló pọ̀ jù, wọ́n bá sọ mí ní Ará Òkè. Olórí wa ni ẹni tí gbogbo ọkọ̀ ń pè ní bósùn, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó ga, tí kì í pariwo, tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Òun ló kọ́ mi ní okùn dídì. Òun náà ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi orúnkún ha ara rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì kó lè sùn nígbà tí ìgbì bá ń gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Ayé náà kò ní adùn tí àwọn arúgbó Wọ́sáàpù ń bù sí i. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a ń fi òòlù gbá ìpẹtà kúrò lára irin, a ń kùn ún lọ́dà, iyọ̀ òkun á tún jẹ ẹ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ìbí fi di nǹkan ńlá lójú wa. Tó bá kan ẹnì kan, wọ́n á da garawa omi òkun lé e lórí lójú oorun, kúùkù á dín ẹyin mẹ́ta fún un dípò ọ̀kan, kò sì ní fọwọ́ kan òòlù lọ́jọ́ náà. Tó bá bọ́ sí ìgbà tí a wà ní èbúté, òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn á sì bá a ṣọ́ àtẹ̀gùn ọkọ̀.

Àṣà kan tún wà tí n kò gbọ́ lórí ọkọ̀ mìíràn rí. Ẹni tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí kì í gba lẹ́tà. Tí àpò lẹ́tà bá dé lọ́jọ́ náà, bósùn ni yóò mú tirẹ̀ sọ́wọ́, kò sì ní fún un àfi tí ọkọ̀ bá ti ṣí kúrò ní èbúté. Wọ́n ní lẹ́tà ilé kì í mú nǹkan ayọ̀ wá: ìyàwó tó ń sunkún ni, tàbí òrùlé tó ń jò, tàbí àbúrò tó fẹ́ bàtà. Ọkùnrin kan ti ka tirẹ̀ rí lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ìgbádùn gbogbo ọkọ̀ sì bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi òfin náà lélẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn òfin yìí tó mi. Lọ́dún tó ṣáájú, èmi ni mo já lẹ́tà kúùkù gbà, tí mo gbé e sá yí ọkọ̀ ká, tó ń fi ìgbákọ lé mi, tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbà á lọ́jọ́ kejì, ìròyìn pé ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì ló wà nínú rẹ̀. A tún rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ ilé tí kò lè dúró di ọ̀la. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, tàbí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ẹ bá fẹ́ gba ti Àpápá gbọ́.

A ti wà ní Santos, nílẹ̀ Bùràsíìlì, fún ọjọ́ méjì kí ọjọ́ ìbí mi tó kò. Kọfí la wá kó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn omi òkun àti ẹyin mẹ́ta, aṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gòkè wá pẹ̀lú àpò lẹ́tà tí wọ́n fi bàálù kó wá láti Èkó. Bósùn ń pín in nínú ilé oúnjẹ. Èmi ti dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn ọkọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó, bàtà mi ń dán. Àwọn márùn-ún ń dúró dè mí nísàlẹ̀, wọ́n ń lu irin bí agogo.

Bósùn jáde wá bá mi. Lẹ́tà kan wà nínú àpò àyà rẹ̀, apá kan rẹ̀ yọ síta, mo sì rí bíírò pupa náà. Kì í ṣe pé mo fura. Mo rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ KÍÁKÍÁ gàdàgbà gadagba sí iwájú rẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ará Òkè, tìẹ rèé," bósùn sọ jẹ́ẹ́. "Ẹni tó kọ ọ́ kò fi ṣeré. Ṣé kí n fún ẹ? Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan."

Mo wo lẹ́tà náà, mo wo àwọn tó wà nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá ṣí i, nǹkan kan máa wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín mọ́. Mo sọ fún ara mi pé òrùlé ni, tàbí ìjà àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn jẹ́ tèmi.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àṣà, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ di ọ̀la."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó ti lẹ́tà náà wọ inú àpò dáadáa, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀.

Kí n má purọ́, ọjọ́ náà dùn. Wọ́n yá ọmọlanke lọ́wọ́ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n gbé mi sínú rẹ̀, wọ́n ń tì mí gba àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan, mo ń juwọ́ sí àwọn èèyàn bí ọba. Gbogbo ilé ọtí tí a bá kọjá la wọ̀. Ní ẹ̀kẹta, a bá àwọn atukọ̀ ará Pólándì nídìí tábìlì kan tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré. A ní àwa ló kàn, wọ́n ní kì í ṣe àwa, ni ìjà bá dé. Mo gun orí tábìlì náà, mò ń jó, wọ́n ń lu ara wọn yí mi ká, títí ẹsẹ̀ tábìlì fi kán. Ẹni tó ni ilé ọtí ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwa àti àwọn ará Pólándì, a ń kọ orin tí kò yé ara wa, títí bósùn fi wá, tó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún tábìlì náà. Ó ní ká padà sọ́kọ̀. A ní ó di ẹ̀yìn fọ́tò. Ayàwòrán kan lójú títì yà mí nínú ọmọlanke, ó fọ̀ ọ́ ní ẹ̀dà mélòó kan lójú ẹsẹ̀. Mo kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ pé, "Màmá, ẹ wo ọmọ yín, ó ti jọba." Mo sáré fi í ránṣẹ́ sí Jos kí wọ́n tó ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ráyè fi lẹ́tà ránṣẹ́, n kò ráyè gba ọ̀kan. A dé ọkọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ọkọ̀ ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dorí kọ Singapore. Nígbà tí ẹni tó ń fọ̀nà hàn wá jáde ní èbúté ti sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, bósùn wá bá mi níwájú ọkọ̀, ó nawọ́ lẹ́tà náà sí mi, ó sì yí ẹ̀yìn padà kí n lè kà á. Mo ṣì mọ̀ ọ́n sórí. "Màmá ti wà ní ọsibítù. Wọ́n ní kíndìnrín ni. Ìwọ ló ń béèrè. Mo ti bá àwọn ọ́fíìsì yín ní Àpápá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní tí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní èbúté, kó o fi han ọ̀gá ọkọ̀, wọ́n máa fi bàálù gbé ọ wálé. Wọ́n ní ní èbúté nìkan ni o. Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn gbé ọ lọ."

Mo sáré lọ bá ọ̀gá ọkọ̀. Mo túmọ̀ lẹ́tà náà fún un. Kò pariwo mọ́ mi, ó kàn fi ọwọ́ hàn mí ní fèrèsé. Ilẹ̀ Bùràsíìlì ti di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn wa. Ó ní òun kò lè yí ọkọ̀ padà. Ó ní ká ní mo wá bá òun lánàá ni, mi ò bá ti wà nínú bàálù. Ẹni tó ń mójú tó rédíò bá mi fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sílé. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé, bí ẹ̀rọ ṣe tẹ̀ ẹ́ láìlámì: MAMA TI LO. A N DURO DE O.

Wọ́n ń dúró dè mí. Omi ló yí mi ká, kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà. Mo padà sídìí òòlù mi, mo ń gbá ìpẹtà. Nígbà tí àwọn yòókù bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní bósùn ló fi lẹ́tà mi pamọ́ nítorí àṣà, n kò mọ̀ pé ó dé. Bósùn wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó jáde lọ jẹ ẹ́ níta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pa irọ́ náà nìyẹn, ó sì ṣeé sọ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n la dé Singapore. Nígbà tí mo wọ Jos, wọ́n ti sin Màmá láti ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ sí mọ́ṣúárì fún ọjọ́ mẹ́rìnlá nítorí mi, àwọn àgbà ìdílé ní ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí pálọ̀ nínú aṣọ dúdú. Fọ́tò Santos wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ti dé ṣáájú mi. Òṣìṣẹ́ kan ní Àpápá sì ti sọ ọjọ́ tí wọ́n kó lẹ́tà dé orí ọkọ̀ wa fún un.

"Ọjọ́ wo ni lẹ́tà mi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?" ó bi mí.

Mo ní wọ́n fi í pamọ́ ni. Mo ní àṣà ọkọ̀ ni, pé bósùn wa ló mú un sápò, pé ojú mi kò kàn án títí ọkọ̀ fi ṣí.

"Wọ́n fi lẹ́tà pamọ́ fún àgbàlagbà." Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó yí ẹ̀yìn fọ́tò náà síta kí n lè rí ohun tí mo kọ. "Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò sí i lẹ́yìn ọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ yìí gan-an, ó ní kí n gbé òun jókòó kí òun lè máa wo ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn lo jọba."

Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó wò mí bí ẹni tó wá ra bọ́tìnnì. "Sannu, bako," ó ní, bí àwọn Hausa ṣe ń kí àlejò. Láti ọjọ́ náà, Hausa ló ń bá mi sọ.

Ẹni tí kì í ṣe ará Jos lè máa rò pé kò tó nǹkan. Gbogbo wa ló ń sọ Hausa níbẹ̀, òun la fi ń nájà, òun la fi ń bú ara wa. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, Yorùbá ni. Màmá á ní ẹni tó bá fẹ́ sọ Hausa nídìí oúnjẹ òun, kó lọ jẹun lójà. Hausa tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi sọ, ti ìsọ̀ ni: ó mọ́, ó ní ọ̀wọ̀, kò kan èèyàn níbì kan. Ó ń bá ìyàwó mi sọ Yorùbá, ó ń fi í ki àwọn ọmọ mi tí wọ́n bá ti ìrìnàjò dé. Tó bá dorí mi, "Ina kwana, lafiya," kíkí àárọ̀ lásán, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún nǹkan bí ogójì ọdún. Mo fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, mo padà wá gbé ní Rayfield, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń lọ kí i ní Nasarawa Gwong. Mo ti kàwé, mo ti rí ayé, ọ̀dọ̀ obìnrin tó fi ilé ìwé sílẹ̀ fún mi ni mo ti di àlejò. Ó dùn mí lójoojúmọ́, inú sì ń bí mi sí i, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní Ìlọrin. Ó gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo mọ̀ pé tó bá lọ, ó tán nìyẹn, Hausa la ó fi parí rẹ̀. Mo gbé fóònù, mo pe bósùn ní Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá sí Jos."

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe ní Jos?"

"Ẹ wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àṣà wa ni. Pé a máa ń fi lẹ́tà pamọ́ lọ́jọ́ ìbí. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, á gbà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Màá wá," ó ní. "Èmi ni olórí yín. Ó yẹ kí n ti fi lẹ́tà yẹn gbá ẹ lójú lọ́jọ́ náà."

Ó fi ọjọ́ méjì rin ìrìnàjò náà. Mo pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, bàbá arúgbó tó wọ súwẹ́tà méjì léra, tí òtútù Jos ṣì ń mú un gbọ̀n. A wọ kẹ̀kẹ́ ní Terminus lọ sí Nasarawa Gwong. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàárín àwọn àpò tí wọ́n ti dì.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà," ó sọ fún un. Ó wá kọjú sí mi. "Sannu."

Bósùn ṣí fìlà rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí: garawa omi, ẹyin mẹ́ta, àpò lẹ́tà. Ó ní, "Èmi ni mo fi lẹ́tà yín sápò, Màmá. Àṣà òmùgọ̀ ni, èmi ni mo sì ń mú wọn tẹ̀lé e. Mo wá tọrọ àforíjì." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbójú sókè. "Mo kọ nǹkan sí iwájú ẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà." Ó na àgbọ̀n sí mi. "Ṣé ó rí i?"

N kò bá bósùn sọ ìyẹn lórí fóònù. N kò ronú kàn án. Bósùn yí ojú sí mi. Mo fẹ́ kó yé yín pé àyè wà. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá níta, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo bósùn, bósùn ń wò mí. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ, èdè tí mo fẹ́ fi sọ ọ́ ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Mo wo ilẹ̀.

"Kò rí i, Màmá," bósùn ní. "Inú àpò mi ló wà."

"Ẹ ò fi hàn án?"

"Mi ò fi hàn án."

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí mi, mo sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń fi òróró pa mí lára. "Àbúrò mi," ó ní. "O ò rí i. Àbúrò mi, mo ti fìyà jẹ ẹ́." Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, n kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ ti ayọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó kọjú sí bósùn. Kò pariwo. "Ẹ dìde, sà. Ẹ máa lọ. Ẹ ò ní jẹun nínú ilé yìí."

Ọkùnrin náà ti Ẹ̀pẹ́ wá. Ó dé fìlà rẹ̀, ó dìde.

Mo sìn ín padà sí gáréèjì. Mo ní ká wọ ilé oúnjẹ kan, ó kọ̀. Ó ra ọ̀dùnkún bíbọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀ jẹ ẹ́, ó ń fẹ́ ẹ nítorí ó gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, pé tó bá ti fara balẹ̀, màá sọ òótọ́ fún un.

"Má sọ nǹkan kan fún un mọ́," ó ní. "Tó o bá máa sọ ọ́, ojú mi ló yẹ kó o ti sọ ọ́." Ó wọ ọkọ̀. Kò pè mí láti ìgbà náà, èmi náà kò pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sí Ìlọrin mọ́. Ó ní kí wọ́n tú ẹrù òun, pé òun ti ní àbúrò ní Jos. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń lọ bá a báyìí, a jọ ń mu kókó. Ọ̀rọ̀ ogójì ọdún ló kún inú rẹ̀, ó sì ń sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lédè wa: ohun tí Màmá sọ lọ́jọ́ kìíní, ohun tó sọ lọ́jọ́ kejì, títí dé ìkẹjọ. N kò lè ní kó dákẹ́. Tó bá parí, ó máa ń gbàdúrà fún mi. Ó máa ń pè mí ní ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ á yí padà. "Ọlọ́run, ọkùnrin tó fi lẹ́tà mi pamọ́ yẹn, tó bá di ọjọ́ tirẹ̀, má jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè dé bá a." Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni bósùn bí, Kánádà ló sì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀. Èmi mọ̀. Ó máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí ohùn mi.

Mo ń ṣe àmín.